Aṣojú Ọ̀gá Nílé Elégbòogi

Ìyá tó bí i sọ ọ́ ní Adéríbigbé, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó bá pè é bẹ́ẹ̀ lásán ní káńsù Ìdí-Ọdán, kó yáa tètè máa wá iṣẹ́ míì lọ sí Ìlúpéjú. Olóyè Dókítà Alàgbà Christopher Adéríbigbé ni kí wọ́n máa pè é, Adelé Olùdarí Ètò Ìlera. Àna rẹ̀ ló fi í joyè. Ti dókítà, ilé ẹ̀kọ́ kan ló fi ránṣẹ́ sí i, ẹnikẹ́ni ò sì tíì pàdé ẹni tó mọ ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà. Ti alàgbà nìkan ló làágùn fún, torí ọdún mọ́kànlá ló fi gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Súrúlérè. Nínú gbogbo rẹ̀, "adelé" nìkan ni kò fẹ́ gbọ́. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣe adelé, ó sì ti sú u.

Ẹ má rò pé ọkùnrin náà ò níṣẹ́ lọ́wọ́ o. Láàárọ̀, kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, gbogbo òṣìṣẹ́ á ti tò láti géètì dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Bó bá wúkọ́, wọ́n á pa ohùn pọ̀ kí i pé ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Hilda, akọ̀wé rẹ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Olùdarí wúkọ́ ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, torí àṣẹ wà pé ohunkóhun tó bá ti ẹnu ọ̀gá jáde gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀. Ẹnu náà kọ́ ni ikọ́ ń gbà jáde ni?

Iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ni ti ilé ìwòsàn káńsù. Ó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá èrò tó kún dé ojú títì, ara ta á. Ó padà sí ọ́fíìsì, ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣàìsàn ní Ìdí-Ọdán gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí Olùdarí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òfin náà ṣiṣẹ́. Oṣù kan ò pé tí kò fi sí aláìsàn kan ṣoṣo mọ́ ní ilé ìwòsàn. Ọ̀gá lọ dúró láàárín àwọn bẹ́ẹ̀dì òfìfo, ó ya fọ́tò, ó ní kí gbogbo ayé wá wo bí òun ṣe lé àìsàn kúrò ní ìlú.

Ẹni tó ń ru gbogbo ẹrù yìí ni Túbọ̀sún. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó jáde ní yunifásítì, ó gba yàrá kan ní Yábàá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa ṣojú ọ̀gá. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí lóde Èkó: wọ́n á pe èèyàn ńlá, èèyàn ńlá á rán ẹlòmíì, wọ́n á gbé ẹni tó rán jókòó sórí àga ńlá, wọ́n á kí i bí ẹni kí ẹni tó rán an, wọ́n á sì gbé ẹran tó tóbi síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Adéríbigbé kì í fi ọ̀rọ̀ ọlá rẹ̀ sílẹ̀ láìbuwọ́ lù ú. Ó fi biro aláwọ̀ ewé rẹ̀ buwọ́ lu Ìwé Àṣẹ Kọkànlélógójì, tó sọ pé: "Ẹni tó bá ń ṣojú Olùdarí, Olùdarí ni. Ibi tó bá jókòó sí, Olùdarí ló jókòó síbẹ̀. Ohun tó bá sọ, Olùdarí ló sọ ọ́, a kì í sì í yí i padà."

Nípa àṣẹ yìí, Túbọ̀sún ti di bàbá ìsàmì ọmọ mọ́kànlá tí kò mọ orúkọ wọn. Ó ti sunkún níbi òkú ẹni tí kò rí rí. Nígbà kan, ó tiẹ̀ ti jókòó sórí àga oníṣègùn eyín, ó la ẹnu, kí dókítà tó bi í pé ṣé eyín rẹ̀ ló ń dùn ún. Wàhálà rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò rí oorun sùn. Ọdún mẹ́ta gbáko, abẹ́ ìrọ̀rí ni fóònù rẹ̀ ń wà, torí ọ̀gá lè pè nígbàkúgbà láti bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan dùn létí ju èkejì lọ. Kò sùn, inú rẹ̀ ò sì lọ déédéé. Ó ti gbàgbé bí ara ẹni tó sinmi ṣe ń rí.

Nígbà tó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìgbìmọ̀ tó ń yanni sípò dé, ohùn ọ̀gá há. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, bí ó bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á yọ "adelé" kúrò níwájú orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ti kọ ọ̀rọ̀ tó kún ojú ìwé méjìdínláàádọ́ta. Kíkà tó ń kà á ketekete lójoojúmọ́ níwájú dígí ló ba ọ̀fun rẹ̀ jẹ́. Dókítà tó wò ó ní kó dákẹ́ fún ọjọ́ méje. Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ wádìí ẹni tó rán dókítà náà sí òun.

Hilda ló dá a lábàá. Ó ní obìnrin kan wà ní Sábó, Àǹtí Moyọ̀sọ́lá, nọ́ọ̀sì ni fún ogún ọdún kó tó gbájú mọ́ ewé àti egbò tí ìyá ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ. Ó ní ẹni tó wo ìyá òun sàn nìyẹn. Ọ̀gá ní kí Túbọ̀sún pe obìnrin náà kó máa gbé ewé rẹ̀ bọ̀ ní ọ́fíìsì kíá. Túbọ̀sún pè é, ó sì gbọ́ èsì tí kò mọ bí yóò ṣe jẹ́ fún ọ̀gá. Àǹtí ní òun kì í gbé egbòogi lọ bá èèyàn, òun kì í sì í ṣe é fún ẹni tí òun ò tíì fojú rí. Kí Olùdarí máa bọ̀, kó mú nọ́ńbà, kó jókòó lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn tó kù.

"Bẹ́ńṣì," ni ọ̀gá sọ, pẹ̀lú ohùn gbígbẹ tó kù ú kù. "Èmi, lórí bẹ́ńṣì."

Ó ronú títí, ìpinnu méjì ló sì ṣe kó tó dìde. Àkọ́kọ́ ni Ìwé Àṣẹ Kejìdínlọ́gọ́ta: elégbòogi tí kò bá gbé fọ́tò Olùdarí kọ́ sára ògiri, kí wọ́n ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ẹni tó bá sì buwọ́ lu títì rẹ̀ nìkan ló lè buwọ́ lu ṣíṣí rẹ̀. Ó ní kí àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, torí ó fẹ́ gba egbòogi tirẹ̀ ná. Ìkejì ni pé kí Túbọ̀sún lọ ṣojú òun lórí bẹ́ńṣì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Túbọ̀sún wọ kèké dé Sábó. Ó mú ìdérí agolo mílíìkì kan nínú abọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà kẹsàn-án sí i. Bẹ́ńṣì náà gùn láti òpin bàrándà kan dé èkejì. Onítáyà kan láti Múṣin jókòó níbẹ̀, òróró dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aránṣọ kan tó jẹ́ adití, inú ìwé ẹ̀ṣásáísì ni òun àti Àǹtí ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wọlé, ó ní àna àlùfáà ni òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun kọjá. Àǹtí ní kò burú, àlùfáà fúnra rẹ̀ ni nọ́ńbà kẹfà, kó jókòó tì í.

Àǹtí máa ń pẹ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Á bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń sùn, ẹni tí wọ́n ń bá gbé, ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn. Ẹni méjì tí inú ń run á gbé ìgò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sílé. Ó ní inú tí ẹ̀bà rú àti inú tí ìrònú rú kì í ṣe inú kan náà.

Nígbà tó kan Túbọ̀sún, ó wọlé, ó jókòó, ó ka ohun tí wọ́n kọ fún un. Ó ní orúkọ òun ni Olóyè Dókítà Alàgbà Christopher Adéríbigbé, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Àǹtí gbé jígí ojú rẹ̀ sókè, ó wò ó.

"Ìwọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àǹtí ṣí ìwé rẹ̀. Ó kọ orúkọ náà sínú ìwé bí ó ṣe gùn tó. Túbọ̀sún wá ka ti ọ̀fun: ó há, ó ń ta, kò jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Àǹtí tan tọ́ọ̀ṣì sí i lọ́fun, ó rí i pé ó mọ́ nigín. Ó wo ahọ́n rẹ̀, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sísàlẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kó dùbúlẹ̀, ó tẹ ikùn rẹ̀, ikùn náà le bí pákó.

"Ìgbà wo lo yàgbẹ́ kẹ́yìn?"

Túbọ̀sún wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ìdáhùn ìyẹn níbẹ̀. "Ọjọ́ Ẹtì, mà."

"Òní ti di Túsìdeè. Oorun ńkọ́?"

Kò mọ ìgbà tó ká ìwé náà sápò. Ó sọ ti fóònù abẹ́ ìrọ̀rí, ó sọ ti ọdún mẹ́ta, ó ní nígbà míì òun máa ń gbọ́ ohùn ọ̀gá nínú omi tó ń dà láti ẹnu ẹ̀rọ. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í léèrè nǹkan tí wọ́n sì dúró gbọ́ èsì. Omi lé ròrò sí i lójú, ojú sì tì í, ó ní ekuru ni.

"Ohun tó o kọ́kọ́ kà yẹn, mi ò rí i lára ẹ," ni Àǹtí sọ. "Mi ò mọ ẹni tó rán ẹ, mi ò sì bèèrè. Ẹni tó jókòó síwájú mi ni mo máa ń tọ́jú."

Ó po ewé àsùnwọ̀n fún inú rẹ̀ tó le, ó sì po òmíì tó ń mú oorun wá mọ́ ọn. Ó kọ orúkọ tó fún un sára ìgò. Ó ní kó mu ìdajì ife kékeré lọ́jọ́ tí kò bá níbì kan í lọ, kí bẹ́ẹ̀dì wà nítòsí, kí ṣáláńgá náà má jìnnà. Ó wá di ìgò náà mú díẹ̀ kó tó fi lé e lọ́wọ́.

"Tìẹ nìkan ni o. Ara ẹ ni mo wò kí n tó pò ó. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án."

Inú Túbọ̀sún dùn dé ọ̀nà. Ó gbé ìgò náà sáyà bí ẹni gbé ọmọ, ó ń ronú ọjọ́ Sátidé, bí òun ṣe máa sùn títí oòrùn á fi wọ yàrá. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ ọmọ ni. Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ó sọ fún ọ̀gá pé ara òun ni obìnrin náà wò, sà, ó ní ẹlòmíì ò gbọdọ̀ mu ún.

"Èmi wá ni ẹlòmíì?" Ọ̀gá fa Ìwé Àṣẹ Kọkànlélógójì yọ nínú fáìlì. "Nígbà tó o jókòó lórí bẹ́ńṣì yẹn, ta ló jókòó?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ikùn tó tẹ̀ ńkọ́?"

"Ikùn yín ni, sà."

"Orúkọ ta ló wà lára ìgò?"

Ọ̀gá gba ìgò, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Oorun tí ọmọ ọlọ́mọ ti ń wá fún ọdún mẹ́ta wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹlòmíì.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ṣí ìgò. Túbọ̀sún rán an létí pé ìdajì ife kékeré ni. Ọ̀gá wò ó tàánú-tàánú. Ó ní àwọn tó ń jókòó lórí bẹ́ńṣì ni wọ́n ń wọn egbòogi fún, pé èèyàn ńlá kì í fi ife kékeré mu nǹkan. Ó gbé ìgò náà sẹ́nu, ó mu ún dé ìsàlẹ̀. Hilda kọ aago tó mu ún.

Gbọ̀ngàn káńsù kún. Àwọn márùn-ún tó wà nínú ìgbìmọ̀ jókòó níwájú, Ìyáàfin Abọ́dúndé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ kọrin kí ọ̀gá, wọ́n kéwì kí i, wọ́n ka oyè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì torí ẹni tó kọ́kọ́ kà á fo ọ̀kan. Ọ̀gá dìde. Ohùn rẹ̀ ń ha, ṣùgbọ́n máìkì ràn án lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá jùlọ," ló wí, "kí n tó dórí àga yìí, oòrùn ń ràn ní Ìdí-Ọdán, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí òun ń ràn lé lórí."

Àtẹ́wọ́ sọ. Ó ṣí ojú ìwé kejì, ó yán. Àwọn òṣìṣẹ́ tún pàtẹ́wọ́. Ní ojú ìwé kẹta, orí rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun sínú máìkì. Wọ́n rò pé ó wà lára ọ̀rọ̀ náà, wọ́n dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an. Hilda kọ ọ́ pé Olùdarí hanrun. Lẹ́yìn náà ni ikùn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tirẹ̀, máìkì sì gbé e síta fún gbogbo gbọ̀ngàn. Ọ̀gá ta jí, ó ranjú, ó sáré gba ẹ̀yìn jáde, fìlà rẹ̀ ò bá a lọ.

Àṣẹ ọ̀gá kan tún wà tí mo gbàgbé láti sọ fún yín. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ̀ngàn náà wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan, kò sì gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni láì rí lẹ́tà tí Olùdarí buwọ́ lù. Olùdarí ò mú biro dání. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn, Ìyáàfin Abọ́dúndé bèèrè ẹni tí yóò parí ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ojú yí sí Túbọ̀sún. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni Túbọ̀sún ń wò. Ọmọbìnrin oníkọ̀ǹpútà ọjọ́sí, tó gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ti fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí i: ilẹ̀kùn ìsọ̀ Àǹtí, tépù pupa lára rẹ̀, bébà tí wọ́n fi biro aláwọ̀ ewé buwọ́ lù, àti àwọn aláìsàn tó dúró síta, ìdérí agolo lọ́wọ́ wọn. Ó wò ó, inú bí i. Ọ̀gá ti gbé oorun rẹ̀ mu, ó tún ti ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti lè pò òmíì. Bó bá ka ojú ìwé márùnlélógójì tó kù, ọ̀gá á gba ipò, iṣẹ́ Túbọ̀sún náà ò sì ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù náà á sì máa dún lábẹ́ ìrọ̀rí títí ọjọ́ ayé.

Alága ṣí fáìlì, ó ka Ìwé Àṣẹ Kọkànlélógójì sókè, torí obìnrin tó máa ń tẹ̀ lé ìlànà ni. Ó wá na ọwọ́ sí àga ńlá.

"Olùdarí, ẹ jókòó. Aláìsàn mélòó lẹ tọ́jú lóṣù tó kọjá?"

Túbọ̀sún jókòó. Ó pa ìwé dé.

"Kò sí ẹnì kan, mà. Mo ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí mi ní ọ̀sẹ̀ méjì kí àìsàn tó dé."

Alága bèèrè ibi tí àwọn aláìsàn wá ń lọ.

"Sábó, mà. Lọ́dọ̀ elégbòogi kan tó máa ń dúró gbọ́ wọn. Láàárọ̀ yìí ni mo ti ibẹ̀ pa, torí kò gbé fọ́tò mi kọ́."

"Ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́, Olùdarí?"

"Èmi ni, mà. A kì í sì í yí i padà."

Hilda ò gbé orí sókè. Ó ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: Olùdarí jẹ́wọ́. Ìyáàfin Abọ́dúndé wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó bèèrè ohun tí Olùdarí fẹ́ kí wọ́n ṣe fún òun. Túbọ̀sún ò ronú kó tó dáhùn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sinmi, òun bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Olùdarí fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀gá padà wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò tó yá lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, ó bá a pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó la ẹnu láti jà, ohùn ò jáde. Hilda ló na ìwé sí i, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. "A kì í yí i padà, sà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Òfin lẹ́tà ti kúrò ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n tépù pupa ṣì wà lára ilẹ̀kùn Àǹtí Moyọ̀sọ́lá, torí ẹni tó tì í nìkan ló lè buwọ́ lu ṣíṣí rẹ̀, kò sì sí nípò mọ́. Káńsù ṣì ń ṣèpàdé lé e lórí. Àǹtí ti gbé tábìlì rẹ̀ jáde sí bàrándà, iṣẹ́ ń lọ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, Olóyè Dókítà Alàgbà dé Sábó. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sì sí dókítà tó kù tí kò tíì bá jà. Ó mú ìdérí agolo, nọ́ńbà kẹrìnlá. Àyè kan ṣoṣo ló kù, láàárín onítáyà àti Túbọ̀sún, tí ìgbìmọ̀ fún ní ìsinmi oṣù kan. Àǹtí ti po ìgò míì fún Túbọ̀sún, ó ní kó máa pa fóònù rẹ̀. Túbọ̀sún wá kí i ni, ó fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀, oorun sì gbé e lọ. Ọ̀gá jókòó tì í fún wákàtí méjì gbáko, ẹnikẹ́ni ò dìde fún un.

Wọ́n pe nọ́ńbà kẹrìnlá. Ọ̀gá tọ́ Túbọ̀sún ní èjìká, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí pé kó dìde, kó lọ ṣojú òun. Túbọ̀sún hanrun. Ó tún tọ́ ọ. Onítáyà rọra gbé ọwọ́ ọ̀gá kúrò.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè."

Ọ̀gá dìde, ó lọ jókòó síwájú tábìlì. Àǹtí ṣí ìwé rẹ̀, ó bèèrè orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, Túbọ̀sún ṣì ń sùn. Ó la ẹnu. Ohùn tó kù lọ́fun rẹ̀ ò tó gbé oyè kankan.

"Adéríbigbé," ló wí.

Àǹtí kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Kí ló ń ṣe yín?"